Tẹlifíṣọ̀n Inú Ilé Àlejò

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó iwájú tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe tẹni. Onílé mọ rìmóòtù tí a ń kọ́kọ́ tẹ̀, ó mọ èyí tí ó jẹ́ ti díkódà, ó sì mọ ohun tí a ń ṣe bí iná bá lọ tí ó sì padà dé. Àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹni tí ó bá ń ra tẹlifíṣọ̀n sí ilé àlejò kò gbọdọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rà á. Ojú ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí ni kí ó fi rà á.

Ilé tí mò ń sọ yìí wà ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Bàbá wa ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n di olóògbé, tí ìyá wa sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Èkó, àwa ọmọ mẹ́ta pinnu pé a kò ní tà á. A ó máa fi gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní shortlet. Owó tí ó bá ti ibẹ̀ wọlé ni a fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa, òun náà ni a sì fi ń san owó ọdẹ. Náírà tí a bá fi ṣòfò nínú ilé náà, inú owó oògùn ni ó ti jáde.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní Manchester ní kí a ra oní-íńṣì 75 sí pálọ̀, kí àwòrán ilé náà lè fa ojú mọ́ra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bàbá wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo rán àwọn méjèèjì létí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Mo mú téèpù káfíńtà, mo kọrí sí Ìbàdàn.

Iye íńṣì tí wọ́n ń kọ sára páálí kì í ṣe fífẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ìṣirò tí mo lò rọrùn: ẹ mú iye íńṣì náà, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, èyí ni àlàfo tí ó dára láàárín àga àti ògiri. Oní-íńṣì 55 ń fẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, oní-íńṣì 75 sì ń fẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ. Ní pálọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀ ni ó wà láàárín àga àti ògiri. Mo ya fọ́tò téèpù náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi, kò sì jiyàn mọ́. Oní-íńṣì 55 ni a rà.

Owó tí ó ṣẹ́kù ni a fi ra ohun tí àlejò kì í yà ní fọ́tò. A ra stabilizer, nítorí pé ẹni tí ó bá ti gbé Ìbàdàn mọ bí iná ọba ti ń rẹlẹ̀ lálẹ́, tí ó sì ń fò sókè nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé. Mo ní kí oníṣẹ́ iná so tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ Wi-Fi pọ̀ mọ́ ínfátà kan náà. Tẹlifíṣọ̀n tí ó tàn, tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kú, kò yàtọ̀ sí dígí lásán.

Oníṣẹ́ náà fẹ́ gbé e kọ́ sókè lẹ́bàá àjà, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé oúnjẹ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga. Àárín tẹlifíṣọ̀n ni ó yẹ kí ó bá ojú ẹni tí ó jókòó dọ́gba, èyí tí ó tó nǹkan bí íńṣì 42 láti ilẹ̀. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ó ń mú ọ̀pọ̀ àlejò wa wá sí Ìbàdàn, àgbàlagbà kì í sì í wọ́n láàárín wọn. Ta ni yóò máa na ọrùn wo ìròyìn?

Netflix àti irú rẹ̀, àkáǹtì ara àlejò ni ó fi ń wò ó. Tèmi kò sí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé èmi náà ti wọ̀ sí ilé kan rí tí mo bá àkáǹtì ẹni tí ó ṣáájú mi ní ṣíṣí sílẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó dà bí ẹni pé mo ṣèèṣì wọ yàrá onílé. Nítorí èyí, bí àlejò wa bá ti lọ, kí a tó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, a ti pa gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n náà rántí rẹ́, a ó sì tún un tò bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí. A kò ra èyí tí ó ní kámẹ́rà lára. Airbnb pàápàá ti fòfin de kámẹ́rà ìṣọ́ nínú ilé láti oṣù kẹrin ọdún 2024.

Lẹ́bàá rìmóòtù, mo fi bébà kan sílẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá: ìlà mẹ́rin péré.

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọdún 1959, ọmọdé sì ni ìyá wa nígbà náà. Wọ́n sọ pé pálọ̀ aládùúgbò kan ni gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń wò ó, orí ẹní. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a má gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá kankan, kí àwọn tí ó wọ̀ sí ilé ọkọ wọn lè máa rí ojú ara wọn. A gbà. Ní oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ti London wá sin òbí wọn. Àgbà inú wọn sọ fún mi, bí ó ti ń dá kọ́kọ́rọ́ padà, pé pálọ̀ ni gbogbo àwọn sùn sí ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ ọn. Àlejò kan yọ ìràwọ̀ kan kúrò nínú márùn-ún nítorí pé kò sí tẹlifíṣọ̀n ní yàrá. Mo ka ohun tí ó kọ sí ìyá wa létí.

“Ṣé ó san owó rẹ̀?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní ó san án.

“Ẹ fi ìràwọ̀ náà sílẹ̀ fún un.”