Kámẹ́rà Kékeré Lórí Omi Makoko

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Third Mainland ní ọdún 1990 ni àwọn tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ti ń rí Makoko, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: àwọn ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti na kámẹ́rà jáde láti ojú fèrèsé mọ́tò, tí wọ́n yà á, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn òbí kan nínú ìjọ ti ń bi wá léèrè pé ṣé ó tọ́ kí ènìyàn ná owó gọbọi lórí kámẹ́rà dígítà kékeré nígbà tí fóònù wà lápò. A mọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ó nínú Makoko gan-an, kì í ṣe láti orí afárá. A bá wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a lè fi ojú ara wa rí i.

A bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Adékúnlé, a sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Makoko títí dé etí omi. Kí ẹ má ṣe rò pé orí omi nìkan ni Makoko. Apá kan wà lórí ilẹ̀, níbi tí àwọn Yorùbá, Ìlàjẹ àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé. Ní orí omi, àwọn Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù, apẹja tí àwọn baba ńlá wọn wá láti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ ó gbọ́ Ẹ̀gùn níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó sì gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn kan. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní Baálẹ̀ tirẹ̀, àlejò tó bá sì gbé kámẹ́rà jáde kí ó tó lọ kí Baálẹ̀, ariwo ni yóò fi gbà á. Àwa lọ kí wọn. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n sì bi wá pé kí ni a fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe. Ìbéèrè yẹn dára púpọ̀, a ó padà sórí rẹ̀.

Irú kámẹ́rà tí à ń sọ yìí kì í ṣe gàgàrà tí àwọn oníròyìn ń gbé kọ́rùn, kì í sì í ṣe olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń ya ọjọ́ ìbí ọmọdé. Ó kéré tó láti wọ àpò ṣòkòtò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Sony gbé RX100 jáde ní ọdún 2012, ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì kò ju gíráàmù 240 lọ, síbẹ̀ ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ìgbà náà. Bí fèrèsé bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ yàrá tó. Canon tẹ̀lé e pẹ̀lú G7 X ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n fóònù ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2010, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà kó èyí tó ju mílíọ̀nù 120 lọ sọ́jà àgbáyé. Ní ọdún 2020, kò pé mílíọ̀nù 9. Ohun tí kò pọ̀ mọ́ a máa wọ́n, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà ni ti méjì nínú àwọn ẹni wa. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ya ògiri funfun, kí ẹ sì wo fọ́tò náà fínnífínní. Bí ẹ bá rí àmì dúdú kan, kí ẹ tún un yà. Bí àmì náà bá dúró sí ojú kan náà, ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ya ìkómọjáde àti ìgbéyàwó. Ó ní kámẹ́rà ńlá, ṣùgbọ́n kì í gbé e dé orí omi mọ́. Ọkọ̀ a máa mì, ọwọ́ kan sì ní láti di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà ńlá, àwọn àgbà á yí ojú, àwọn ọmọdé á sì máa pariwo “Yovó!”, bí ẹni pé òyìnbó ló dé, bẹ́ẹ̀ awọ ara rẹ̀ dúdú bí tiwa. Ti kékeré, wọ́n á rò pé fóònù ni. (Ìdí yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn, a sì sọ fún un, nítorí ohun tí a bá yọ́ yà kò jìnnà sí ohun tí a jí. Ó ní òun kì í tẹ bọ́tìnnì kí òun tó béèrè.)

Ọ̀rọ̀ tó fi àkókò ṣàlàyé fún wa jù ni ti ojú dúdú. Ní ọ̀sán gangan, omi ọ̀sà a máa tàn yanran bí dígí. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tí à ń yà. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ ló ń wò pọ̀, tí ó sì ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọ àwọ̀ eérú. Bí omi bá ti tàn jù, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyá ọlọ́mọ á sì di èédú; eyín nìkan ni ẹ ó rí. Lórí kámẹ́rà tirẹ̀, ohun kan wà tí à ń yí, tó ní àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò. Ó ní ìhà ìròpọ̀ ni òun ń yí i sí kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Omi á funfun jù, ojú ọ̀run á funfun jù, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn á jáde. Ó ní, “Pásítọ̀, kò sí ẹni tó sanwó fún mi kí n wá ya omi.” Nígbà mìíràn ó máa ń tan filáàṣì nínú oòrùn, àwọn ènìyàn a sì máa fi ṣe ẹ̀rín, títí wọ́n á fi rí ara wọn nínú fọ́tò. Nínú ilé, níbi tí fèrèsé ti kéré tí èéfín sì ti pa ògiri dúdú, kì í tan filáàṣì rárá. Kámẹ́rà náà ríran nínú òkùnkùn ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gùn tí wọ́n bí sórí omi níbẹ̀. Òun ni ojú rẹ̀ ti rí jù, nítorí àwọn méjì yòókù a máa gbé kámẹ́rà wọn padà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tirẹ̀ ń sùn lórí omi. Lẹ́ńsì irú kámẹ́rà yìí a máa yọ jáde bí orí ìjàpá, a sì máa wọlé padà. Bó bá ti ń yọ ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún èéfín. Kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́ kò pé ọdún kan tí àmì dúdú fi jókòó sójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀, owó tí alátùn-únṣe sì bù lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra òmíràn. Lẹ́yìn èyí, ohun funfun bí òwú, irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, hù sínú lẹ́ńsì. Wọ́n ní kí ó tẹ kámẹ́rà bọ inú ìrẹsì gbígbẹ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ìrẹsì ló bá nínú ihò bátìrì. Ní báyìí, inú abọ́ oníke tí ìdérí rẹ̀ mú dáadáa ló ń gbé e sí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ sí lára pé kí a má jẹ ẹ́. Àwọn aláṣọ àti alábàtà ní Yábàá ń kó wọn dànù. Òun ń ṣà wọ́n. Bátìrì rẹ̀, ẹni tó ṣe é sọ pé yóò ya nǹkan bí fọ́tò 210, nítorí náà mẹ́ta ló ní, ó sì ń gba iná sí wọn nígbàkúùgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Ti ẹnì kẹta kò gùn. Arábìnrin olùkọ́ kan ni, Olympus TG-5 ló ní, èyí tó lè wọ omi dé mítà 15. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọ̀sà, àwọn ọmọ wẹ̀ lọ gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fi omi mímọ́ ṣàn án, ó sì ń lò ó títí di òní. Nínú ilé tó ṣókùnkùn, fọ́tò rẹ̀ kò dára tó ti àwọn méjì yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè Baálẹ̀. Àwọn ará Makoko ní ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún wọn ní wákàtí 72, kí wọ́n tó wá wó ọ̀pọ̀ ilé orí omi. Ìbọn sì pa ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹni tó bá ń ya ilé wọn lẹ́yìn náà, ta ló rán an? Ní ọdún 2013, ilé ẹ̀kọ́ tó ń léfòó tí Kúnlé Adéyẹmí ṣe parí, fọ́tò rẹ̀ sì yí ayé ká. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ kan gba ẹ̀bùn Silver Lion ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, òjò wó èyí tó wà ní Makoko. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Títí di òní fọ́tò rẹ̀ ń rìn káàkiri bí ẹni pé ilé náà ṣì dúró. Èyí tó yàtọ̀ ni ti ọdún 2019, nígbà tí Code for Africa àti Humanitarian OpenStreetMap Team kó kámẹ́rà tó ń fò wá, tí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò láti máa darí rẹ̀, kí Makoko lè hàn lórí máàpù. Àwọn ọmọ ilé ló di ohun èlò mú nígbà yẹn.

Bí a ti ń kọjá, ìyá kan tó ń yan ẹja dá ọkọ̀ wa dúró. Ó sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀gùn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì túmọ̀ rẹ̀. Ṣé a mọ àwọn àlejò kan tó wá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n ya ọmọ òun ọkùnrin níbi tó ti ń wa ọkọ̀? Ọmọ náà ti kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Ó mọ̀ pé fọ́tò náà wà níbì kan láyé.

Ohun tí ìyá yìí ń wá kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé ní ọdún 1978 nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ròyìn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ìyá wọn lè máa rí ọmọ méjì. (Ọ̀rọ̀ ìbọ ìbejì kọ́ ni à ń sọ níbí.)

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gùn yẹn ní ìwé kan tó fi ọ̀rá wé. Gbogbo ẹni tó bá yà ló ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, àti ilé rẹ̀, àti iye fọ́tò tó jẹ ẹ́. Yábàá ló ti ń tẹ̀ wọ́n jáde. Ní ọjọ́ tí a lọ, fọ́tò mọ́kàndínlógún ló kù tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. A jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, a sì ń bá a nà án sókè sí ojú ilé kọ̀ọ̀kan, títí oòrùn fi wọ̀ tí mẹ́rin ṣì kù.