Àléébù Tí Ó Ń Fara Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, jíìpù tí mo fi ń gbé ìdílé mi ní àrùn kan tí ó ń wá, tí ó ń lọ. Láàárín Adó-Èkìtì, jíà rẹ̀ a máa wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá Aràmọkọ, tí a ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ́ńjìnnì a máa ké, ọkọ̀ kò ní sáré. Bí a bá sinmi, ara rẹ̀ a tún dá. Mẹkáníìkì a ní òun kò rí nǹkan kan.

Nínú jíà tí ń pààrọ̀ ara rẹ̀, òróró ni ó ń fún un lágbára. Bí òróró náà bá dínkù tàbí tí ó gbóná jù, jíà lè máa yọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú mẹkáníìkì gun òkè náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Kí a tó tún un ṣe, aládùúgbò kan fẹ́ rà á ní òwúrọ̀ tí ó ń rìn geere. Mo sọ ti òkè Ẹ̀fọ̀n fún un. Ó sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀sìn wa ní kí òǹtajà fi àléébù ọjà han òǹrajà. Èyí tí kò yọjú lónìí, àléébù náà ni.