Ilé funfun olówó òwú létí Manchester: ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹwà ẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Manchester, nílẹ̀ England, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé abúlé Styal. Kò jìnnà rárá sí pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà. Ibẹ̀ ni Samuel Greg dá ilé iṣẹ́ òwú Quarry Bank sílẹ̀ sí lọ́dún 1784, létí odò Bollin, torí omi ló ń yí ẹ̀rọ tó ń ran òwú nígbà náà.

Ilé tí bàbá olówó yìí kọ́ fún ìyàwó ẹ̀, Hannah, àtàwọn ọmọ wọn 13, ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an ló wà. Bíríkì pupa ni ilé iṣẹ́, àjà lórí àjà, fèrèsé ẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ilé ọ̀gá ní tiẹ̀, funfun báláú ni, ọgbà òdòdó ẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò. Ọ̀gá ń gbádùn òdòdó, kò sì jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń pawó fún un.

Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gun òkè díẹ̀, ẹ óò rí ilé mìíràn tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1790. Àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbi òwú ló ń gbé e, nígbà tí wọ́n pọ̀ dáadáa, wọ́n tó nǹkan bí 90. Bíi wákàtí 12 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, oúnjẹ, aṣọ àti ibi tí wọ́n ń sùn ló dúró bí owó oṣù wọn. Lóòótọ́, Greg gba dókítà fún wọn, Hannah náà ń kọ́ wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ olówó ayé ìgbà náà ò ṣe. Síbẹ̀, lọ́dún 1806, ọmọkùnrin méjì, Thomas Priestley àti Joseph Sefton, sá lọ sí London. Ẹ̀rọ ti gé Priestley níka, ìyá ẹ̀ ló lóun fẹ́ẹ́ rí.

Èyí tó wá kan àwa aláwọ̀ dúdú nìyí: ìdílé Greg tún ní oko ìrèké ní erékùṣù Dominica, àwọn ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Britain ṣòfin lọ́dún 1833 láti fòpin sí oko ẹrú, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n sanwó gbà-máà-bínú fún, ìdílé Greg sì gba tiwọn. Àwọn ẹrú ò gba kọ́bọ̀!

Ọdún 1939 ni wọ́n fi ilé iṣẹ́ náà ta àjọ National Trust lọ́rẹ, àlejò sì ń wọ ibẹ̀ dòní. Ilé funfun yẹn dùn ún wò, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ka àwọn tó kọ́ ọ, ẹ má ka Greg nìkan. Ẹ ka àwọn ọmọ orí òkè, kẹ́ ẹ sì ka àwọn tó wà lóko ìrèké, tí wọn ò fojú rí ilé náà rí.