Nígbà Tí Ẹ́ńjìnì Bá Dákẹ́

Pápá Àjàó ni wọ́n bí mi sí, Ládípọ̀ níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ariwo ẹ́ńjìnì ló ń jí wa láàárọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa omi kò ju ìtàn bàbá mi lọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì tí ìjọba Lateef Jákàńdè fi sórí omi, Baba Kékeré àti Ìta Fàájì, tí wọ́n ń ná Mile 2 sí Marina. Ó ní ọjọ́ tí òun wọ ọ̀kan nínú wọn lòun tó mọ̀ pé Èkó lójú.

Ní 1996, ọ̀gá mi rán mi lọ sí jẹ́tì CMS, pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Yamaha fọ́tì ni. Mo tú u, mo rí i pé ọ̀rá ló dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní rédíétọ̀. Omi ọ̀sà gan-an ló ń fà sínú láti fi tu ara rẹ̀ lára, tí yóò sì máa tú u jáde lẹ́yìn bí ọmọdé tó ń tọ̀. Bí ìtọ̀ yẹn bá dá, kí atukọ̀ tètè pa iná, kó má baà jóná. Bàbá Ìlàjẹ tó ni ọkọ̀ náà gbé mi dé Tarkwa Bay láti dán an wò. Láti ọjọ́ náà, mo di ara ọkọ̀ Bàbá; bí mo bá dé Ládípọ̀, ọ̀gá mi ni mo lọ kí.

Nígbà yẹn, èrò lásán la ń gbé. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ni àwọn tó fẹ́ ṣeré létí òkun ń wá, àwọn ló sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. “Bàbá, àwọn òkúta wo ló nà wọ inú òkun yẹn?” Bàbá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìdáhùn. Èmi náà sì kà sí i. Láti 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn òkúta yẹn sẹ́nu ọ̀sà, nítorí iyanrìn ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Èbúté Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù wọn sínú ọkọ̀ kékeré nígbà náà. Ẹ̀yìn òkúta náà ni Tarkwa Bay sá sí, ìyẹn ni omi rẹ̀ fi rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè jókòó sí i. Òkúta kan náà ló tún dí ọ̀nà iyanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, tí òkun fi jẹ Bar Beach. N kì í gbé àlejò débẹ̀ kí n má sọ ọ́ fún un. Ẹni tó ń gbádùn omi tó dákẹ́, ó yẹ kó mọ ibi tí ariwo rẹ̀ gbà lọ.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi, sílẹ̀ ní 2008, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì wá le. Àwọn kan nínú wa kùn. Èmi ò kùn, nítorí mo ti bá wọn wá òkú lórí omi rí.

Mákòkò, àdúgbò àwọn Ègùn tí ilé wọn wà lórí omi, ló kọ́ mi níṣẹ́ gbígbé àlejò yìí jù. Láti 2013 títí di oṣù kẹfà 2016 tí òjò wó o, àwọn àlejò ń wá wo ilé ìwé tó léfòó tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀. Eré burúkú la fi ń wọlé. Ìgbì ọkọ̀ wa a máa gbọn ilé àwọn Ègùn, a sì máa da omi sínú ọkọ̀ àjẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ń yan ẹja wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bí ẹ ṣe ń wọ ilé bàbá yín nìyẹn?” Ojú tì mí. Látìgbà náà, bí a bá ti dé ẹnu Mákòkò, màá pa ẹ́ńjìnì, màá mú àjẹ̀, màá kí wọn kí n tó kọjá. Àwọn àlejò mi náà á sọ ohùn wọn kalẹ̀. Wọ́n á gbọ́ orin láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbọ́ bí àwọ̀n ṣe ń bọ́ sómi. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún, dídákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá ń sanwó fún.

Ní oṣù kìíní 2020, wọ́n lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé, àwọn tó ń bá wa di okùn ọkọ̀ mú, tó ń fún wa lómi mu. Kò pẹ́ sí i ni kòrónà dé. N ò fẹ́ máa sọ ọdún yẹn.

Àlejò kan ló bi mí bóyá àbùùbùtán wà lágbègbè wa. Àwọn baba wa ti fi ìtóbi rẹ̀ sínú orúkọ: a bù ú, bù ú, kò tán. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n ìta òkúta ẹnu ọ̀sà yẹn ni, níbi tí ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ẹrù ti ń dúró de àyè láti wọlé. Ọkọ̀ mi ò tó ibẹ̀ lọ. Ní Kùtọnú ni wọ́n ti máa ń gbé èèyàn lọ wò ó. Láti bí oṣù kẹjọ ni àbùùbùtán abuké ń ti òkun oníyìnyín ìsàlẹ̀ ayé wá bímọ sínú omi wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, mo lọ.

Atukọ̀ náà ò sáré lépa nǹkan kan. Nígbà tí a rí èéfín omi lókèèrè, ó pa ẹ́ńjìnì, ó káwọ́ gbera. A dúró títí. Ìyá àtọmọ ló yọ, ìyá náà gùn ju ọkọ̀ wa lọ. Ó mí, a gbọ́ èémí rẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìrì rẹ̀ sì kàn wá lójú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí atukọ̀ náà na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, obìnrin kan juwọ́ sí i pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.