Ilé Tuntun fún Òrìṣà Àtijọ́



Ìrìn àjò kò ṣàjèjì nínú ẹsẹ Ifá. Awo a dìde nílé rẹ̀, a gbé àpò kọ́ èjìká, a ṣawo lọ sí ìlú tí kò dé rí. Òùngbẹ a gbẹ ẹ́, òjò a pa á. N kò tí ì gbọ́ ẹsẹ kankan tí àga ti ń ra awo lẹ́yìn bí ó ti ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni èmi ṣe ti Kyoto dé Ise, ní ilẹ̀ Japan.

Shimakaze ni orúkọ ọkọ̀ ojú irin náà. Ilé-iṣẹ́ Kintetsu ni ó ni ín, ọdún 2013 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi tí ó ń gbé ní Osaka ni ó san owó rẹ̀. Awọ ni wọ́n fi bo àga inú rẹ̀, ó fẹ̀ bí àga ìgúnwà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, àga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ni lẹ́yìn. Ìrìn bí wákàtí méjì ni. N kò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Kyoto ni mo ti lọ sí Saiho-ji, tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Àlùfáà kan, Musō Soseki, ni ó tún ọgbà ibẹ̀ ṣe ní ọdún 1339. Ohun tí ó sọ ọgbà náà di olókìkí ni ewé wínníwínní tútù tí ó máa ń bo ògiri lásìkò òjò, èyí tí àwa ń fi ọkọ́ há dànù. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. A kì í ṣàdédé wọ ibẹ̀: a ó kọ̀wé tọrọ àyè ṣáájú, bí a bá sì dé, a ó jókòó, a ó fi gègé onírun kọ ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ wọn. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìka tí ń tẹ Odù lórí ìyẹ̀ròsùn ni yóò kọ èyí? Ṣùgbọ́n àlejò kì í yan bí yóò ṣe kí onílé. Mo kọ ọ́.

Ise kì í ṣe tẹ́ḿpìlì Búdà ní tirẹ̀. Ojúbọ òrìṣà ìbílẹ̀ wọn ni, níbi tí wọ́n ti ń sin Amaterasu, òrìṣà obìnrin tí ó ni oòrùn. A gba orí afárá Uji kọjá, a ṣan ọwọ́, a yọ ẹnu. Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn òkúta dé òkè, aṣọ funfun ni ó dí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èrò ibẹ̀ ni ó tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún tẹríba. Kò sí ẹni tí ó wo inú. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ibi tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ dé wà lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ilẹ̀ òfìfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ náà ni ó dá mi dúró. Ní ogún ọdún ogún ọdún, wọn a kọ́ ilé mìíràn sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú igi hinoki, ní ìwọ̀n kan náà. Wọn a gbé òrìṣà lọ síbẹ̀ lóru, wọn a sì tú ti àtijọ́. Ọdún 690 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ogun dá a dúró fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, síbẹ̀ wọ́n tún padà sí i. Ọdún 2013 ni èyí tí ó kẹ́yìn. 2033 ni òmíràn. Òpó ńlá ilé àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin afárá tí mo gbà wọlé. Mo ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wó ilé Ifá agboolé wa, kí ó sì tún un mọ. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ọwọ́ baba wa wà lára ògiri yẹn, pé ẹni tí ó bá wó o, baba ni ó wó. Kò bá mi jiyàn. Òun nìkan ni ó kù nínú ilé wa tí ó mọ bí a ti ń po amọ̀, tí ó mọ iye ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ògiri kan gbọ́dọ̀ fi gbẹ kí a tó lé òmíràn sí i. Ó papòdà. Òjò ọdún kejì wó ògiri náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọdé ilé ní kí a lọ ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. N kò rí èsì fọ̀.

Ní Ise, ọ̀dọ́ káfíńtà tí ó ń gbé igi fún ọ̀gá ní ìgbà yìí lè di ọ̀gá nígbà tí ogún ọdún bá tún pé. Ọwọ́ kò ráyè gbàgbé. Ó yẹ kí n mọ èyí ṣáájú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí olúwo mi ki ẹsẹ, tí mo kì í tẹ̀lé e, ẹnu mi tuntun ni, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹsẹ náà kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Mo gbà á fún ẹsẹ, mo fi du ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí mọ́ láti gbọ́ ọ.

Nígbà tí mò ń padà sí Kyoto, n kò tẹ bọ́tìnnì àga náà.

Mo ti rí bàbá arúgbó kan ní abúlé kejì tí ó ṣì mọ iṣẹ́ amọ̀. Apá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò jókòó, òun yóò máa júwe. A ti dá Ifá sí i. Ifá ní kí a bọ ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. Mo ti sọ fún méjì nínú àwọn ọmọkùnrin ilé pé kí wọ́n má rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.