Eyín Kan Tí Ó Kán

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé girama náà, nígbà tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí ba ìwé ìbéèrè jẹ́. Kò sí ojú-ìwé tí ó jáde tí kò ní àwọn àmì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, tí ó gba ìbú ìwé kọjá láti etí kan dé èkejì. Níbi tí ọ̀já náà bá sì dé, lẹ́tà a fún pọ̀ mọ́ra tí kò fi ní ṣeé kà. Ọ̀gá ilé-ìwé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní akọ̀wé ni ó jẹ́ kí pín-ìnì bọ́ sínú ẹ̀rọ, ó fún un ní kúẹ́rì, ó sì fi kún un pé láti inú owó oṣù rẹ̀ ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Èyí tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rárá kí ó tó dá a.

Nígbà tí atúnṣe-ẹ̀rọ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n rò pé yóò tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò fi ọwọ́ kàn án. Akọ̀wé ni ó kọjú sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èwo ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: àmì yìí ni, tàbí ariwo?”

“Ariwo ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Mo wí fún ọ̀gá.”

Ọ̀gá wúkọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ ìwé mẹ́ta, ó dẹtí sílẹ̀, ó sì fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín àmì kan àti èkejì. Mìlímítà 94 ni, kò dín, kò lé. Láti ìgbà tí Chester Carlson ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀dà báyìí ní New York ní ọdún 1938, iná àti lẹ́búlẹ́bú dúdú ni àwọn ènìyàn ń ròyìn. Kò sí ẹni tí ń ròyìn àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ń yí gbogbo rẹ̀. Bí rólà tí ń fa bébà bá jẹ tán, bébà a há. Bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá ń lẹ̀, bébà a pẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ a sì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì tí ń padà wá ní ìwọ̀n kan náà, ara ohun tí ó rí róbótó ni ó ti wá, ìwọ̀n yìí ni ó sì jẹ́ àyíká rẹ̀. Ẹ fi 3.14 pín 94: ìdábùú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Olùkọ́ mélòó ni ó ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò yìí tí kò rí àpẹẹrẹ mìíràn ju táyà kẹ̀kẹ́ lọ! Nínú ẹ̀rọ náà, dúrọ́ọ̀mù nìkan ni ó tó bẹ́ẹ̀.

“Bí ó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù,” ni ọ̀gá wí, “ṣé kì í ṣe pín-ìnì ni ó ha á lára?”

“Bí pín-ìnì bá ha á, sà, ojú kan ṣoṣo ni àmì yóò wà lórí ìbú ìwé. Èyí gba gbogbo ìbú rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni ó ń dúró díẹ̀, tí ó sì ń fò síwájú.”

Ó pa iná, ó yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń fi ìka yí i jẹ́jẹ́. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, a ta gìrì ní ojú kan náà. Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ dúdú wé e kí ìmọ́lẹ̀ má bà á jẹ́, ó wá nu gírísì gbígbẹ tí eruku ọyẹ́ ti dàpọ̀ mọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Eyín kan ti kán láti gbòǹgbò. Méjì tí ó tẹ̀ lé e ti jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú òmíràn wá, èyí tí ó yọ lára ògbólógbòó ẹ̀rọ irú rẹ̀. Ogún ojú-ìwé jáde láìní àbàwọ́n. Ọ̀gá mú kúẹ́rì náà, ó fẹ́ fà á ya.

“Ẹ má fà á ya, sà,” ni akọ̀wé wí. “Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà nínú fáìlì mi. Ẹ bá mi kọ ọ́ sí i pé eyín ni ó kán.”

Ọ̀gá fa pẹ́ẹ̀nì yọ.