Ọjọ́ Tí A Lọ Ka Àwòdì ní Jọ́ọ̀sì

Ìkómọjáde ni ó gbé wa dé Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹrin ọdún yìí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá ọmọ mú wa lọ sí Laminga, abúlé kan létí ìlú, níbi tí igbó Amurum àti ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tí à ń pè ní A. P. Leventis wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ni ó ṣáájú wa. Ó ní àkókò tí àwòdì ń lọ sí òkè ọya ni a bọ́ sí.

Aago méje àárọ̀ ni a gun orí àpáta, tàwa ti ìwé àti pẹ́ńsùlù, nítorí akọ̀wé réluwéè kì í lọ lọ́wọ́ òfo síbi tí a ti ń ka nǹkan. Títí di aago mẹ́sàn-án, ẹyẹ kan kò kọjá. A bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní kí a ní sùúrù: bí oòrùn bá mú àpáta gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, òun ni àwọn ẹyẹ ńlá fi ń ṣe àkàsọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, àwòdì mẹ́ta yọ láti gúúsù. Wọ́n ń yí po lókè wa láì ju apá rárá, wọ́n ga títí wọ́n fi dà bí eṣinṣin, wọ́n sì kọrí sí àríwá. Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Kò pẹ́, a ti kọ 20. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín: àwòdì kan náà ni a ń kà lẹ́ẹ̀mẹta bí ó ti ń yí. Ó fi òkúta kan ṣe ààlà. Èyí tí ó bá ré e kọjá nìkan ni kí a kọ. Ojú tì wá, nítorí ẹrù tí kò tíì kúrò ní tésàn, a kì í kọ ọ́ mọ́ èyí tí ó ti lọ. A pa 20 rẹ́. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, àwòdì 31 àti àṣá 2 ni ó wà nínú ìwé wa.

Ó ní irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe ní Gibraltar, níbi tí omi òkun tí ó wà láàrin Áfíríkà àti Yúróòpù ti há, tí ó tó kìlómítà 14. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣọ̀wọ́n lójú òkun, ìdí nìyí tí àwọn ẹyẹ tí ń padà sí Yúróòpù fi ń gba ibi tí ó kúrú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwòdì tiwa, ní gúúsù ni wọ́n ti ń yé, tí wọ́n ti ń tọ́mọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, wọ́n a wá oúnjẹ lọ sí àríwá. Bí òjò bá dá, wọ́n a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí pa wá lẹ́nu mọ́. Ìyá wa wà ní Ìkìrun. Ó di ọdún mẹ́rin tí a ti rí i. Owó ń lọ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn wa kò mọ ojú rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí lálẹ́, ìyá ọmọ tuntun ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwòdì kì í fi owó ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wá lára.

A ti tọrọ ìsinmi fún oṣù kejìlá. Tọkọtaya àti ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a jọ ń lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹrù tàbí lẹ́tà sí Ìkìrun tàbí Òṣogbo, kí ó tètè mú un wá bá wa nílé.